Bí ẹ ṣe lè gbọ́ àwo àkọ́kọ́ olórin onígìtá kó sì wọ̀ yín lára

Àbúrò mi kan tó ń tún fóònù ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde ló bi mí ní ìbéèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ tiẹ̀ ń gbọ́ nínú orin yìí gan-an? Obìnrin kan, gìtá kan, kò sí ìlù tó ń gbéni nídìí, oorun ló ń kùn èmi o." Mi ò bínú sí i rárá torí mo mọ ibi tó ti gbọ́ ọ. Inú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ni, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn ilé, àwọn ọlọ́kadà ń fun fèrè níwájú títì, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù kejì ti gbé fújì sókè, òun náà wá gbé fóònù ẹ̀ sórí tábìlì láàárín àwọn fóònù tó ti tú, ó tẹ orin, ó ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Báwo ni irú orin yẹn ṣe fẹ́ dé etí èèyàn níbẹ̀? Fújì lè la gbogbo ariwo yẹn kọjá kó wá bá ẹ níbi tó o jókòó sí, ìta gbangba ni wọ́n ṣe é fún, abẹ́ kánópì ni. Ẹni tó ń fi gìtá kan kọrin jẹ́jẹ́ ò ní wá bá ẹ, ìwọ lo máa dìde lọ bá a nínú yàrá tó jókòó sí. Bí èèyàn ṣe ń dìde lọ bá a yẹn ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níbí, fún àbúrò mi àti fún ẹnikẹ́ni tó bá ti gbọ́ irú àwo bẹ́ẹ̀ dé ìdajì tó sì ti pa á.

Ẹ kọ́kọ́ mú àwo kan, ẹyọ kan péré. Tó bá jẹ́ èmi ni mo máa yàn fún yín, àwo àkọ́kọ́ Tracy Chapman ni, tó jáde ní 1988, orúkọ ara ẹ̀ náà ló fi pè é. Ọmọ ìlú Cleveland ní Amẹ́ríkà ni, wọ́n bí i ní 1964, ó lọ sí yunifásítì Tufts, ẹ̀gbẹ́ títì àti àwọn ilé kọfí lágbègbè Boston ló sì ti ń kọrin kí wọ́n tó mú un wọ sítúdíò. Orin 11 ló wà nínú ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ò ju bí ìṣẹ́jú 36 lọ, ìyẹn ò tó àkókò tẹ́ ẹ fi máa ń dúró kí ọkọ̀ kún ní gáréèjì. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ Yorùbá nínú tiẹ̀, kó mú ti Aṣa, Bukola Elemide, wọ́n bí i ní Paris ní 1982, Èkó ló ti dàgbà, àwo àkọ́kọ́ tiẹ̀ jáde ní 2007, òun náà fi orúkọ tó fi ń kọrin pè é, Cobhams Asuquo sì wà lára àwọn tó bá a ṣe é. Ìlù àti báàsì wà nínú àwọn méjèèjì o, mi ò ní purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n ohùn ẹni tó ń kọrin ni wọ́n gbé síwájú, gbogbo nǹkan yòókù rọra jókòó sẹ́yìn ẹ̀ bí àwọn tó sin ìyàwó wá.

Kí ló dé tí mo fi ní àwo àkọ́kọ́? Torí orin inú ẹ̀ ti pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́. Ó ti kọ òmíì nígbà tó ṣì wà nílé ìwé, ó ti kọ ọ́ fún èèyàn márùn-ún, ó ti kọ ọ́ níbi tí ẹnì kankan ò ti wojú ẹ̀, ó ti yọ ìlà tí kò dáa kúrò ó sì ti wá òmíì sí i, kò sẹ́ni tó ń retí ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń sọ fún un pé irú ti ọjọ́sí yẹn la tún fẹ́. Àwo kejì kì í sábà rí irú àyè bẹ́ẹ̀, wọ́n á ti dá ọjọ́ fún un, inú ọkọ̀ àti inú òtẹ́ẹ̀lì ló ti máa kọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá fara balẹ̀ ẹ máa gbọ́ ìyàtọ̀ ẹ̀ lára ọ̀pọ̀ olórin. Nínú àwo àkọ́kọ́, ó máa ń dà bíi pé ẹni yẹn ń dá sọ̀rọ̀ nínú yàrá ẹ̀, ẹ̀yin lẹ ṣí ilẹ̀kùn bá a.

Irú àwo bẹ́ẹ̀ sì lè pẹ́ kó tó wọni lára, ẹ má jẹ́ kíyẹn kó yín láyà jẹ. Àwa ará Ìjẹ̀bú gan-an ló yẹ ká mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Haruna Ìṣọ̀lá ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ ẹ̀ fún ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù His Master's Voice ní 1948, ó fi ki ọba ìlú ẹ̀, Orímọlúṣì, Ọba Adéboyè, rẹ́kọ́ọ̀dù náà ò tà. Ìgbà tó tún un ṣe ní nǹkan bí 1955, lẹ́yìn tí ọba wàjà, ni òkìkí ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kàn. Ọkùnrin tí rẹ́kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ ẹ̀ ò tà yìí náà ló padà gbé Phonodisk, sítúdíò tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀, kalẹ̀ sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹ tún rántí bí wọ́n ṣe ń gbọ́ àpàlà nílé bàbá wa: wọ́n á jókòó ni, wọ́n á máa mi orí díẹ̀díẹ̀, ẹnì kan á ní "ẹ gbọ́ nǹkan tó sọ yẹn", gbogbo ilé á dákẹ́. Àgídìgbo inú àpàlà yẹn náà, ìka ni wọ́n fi ń ta á bíi ti gìtá, àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé bí òwe bí òwe là ń lù ú, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó ti àpàlà ti mọ ìdajì nǹkan tí mo fẹ́ sọ.

Àsìkò ló ṣòro jù ní ìlú wa. Ẹ má gbìyànjú ẹ̀ ní Sátidé, agbára káká lẹ fi máa rí àdúgbò kan ní Ìjẹ̀bú-Òde tí kánópì ò ní wà lọ́jọ́ Sátidé, tó bá sì wá jẹ́ àsìkò Ojúde Ọba ẹ gbé e tì títí àlejò á fi lọ tán, ọjọ́ ayọ̀ nìyẹn, ẹ jẹ́ kí ìlù ṣe tiẹ̀. Èmi máa ń lo òru. Tí aládùúgbò mi bá ti pa jẹnẹrétọ̀ ẹ̀ ní bí aago 11, ìdákẹ́jẹ́ kan máa ń wọlé tó jẹ́ pé èèyàn á kọ́kọ́ rò pé etí òun ló di, tó bá yá lẹ óò wá máa gbọ́ aago ara ògiri, ẹ óò máa gbọ́ kòkòrò níta, ẹ óò gbọ́ omi tó ń kán tó tó sínú ike ní báfúrúùmù. Tẹ́ ẹ bá ti ń gbọ́ omi yẹn, ibẹ̀ ti dákẹ́ tó, ẹ tẹ orin. Ìdájí kí wọ́n tó pèrun àsùbáà náà dáa. Òjò ò dáa fún ìgbà àkọ́kọ́ tó bá jẹ́ abẹ́ páànù lẹ wà, ó máa gbé gìtá mì, àmọ́ tó bá ti di ẹ̀ẹ̀kẹta tàbí ẹ̀ẹ̀kẹrin tẹ́ ẹ ti mọ orin náà, haa, òjò lórí páànù àti gìtá kan nínú òkùnkùn, ẹ jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí yín lẹ́ẹ̀kan ṣá.

Ẹ ti dáńlóòdù ẹ̀ sílẹ̀ látọ̀sán kí dátà má baà já yín kulẹ̀ láàárín orin, ẹ fi fóònù sí flight mode, ẹ pa shuffle, ìyẹn nǹkan tó máa ń da ètò orin rú. Ẹ má fi sípíkà fóònù gbọ́ ọ. Sípíkà yẹn kéré, kò lè gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde, gbogbo nǹkan tí àtàǹpàkò onígìtá ń ṣe á wá sọnù, á kàn máa dún ṣín-ín ṣín-ín. Àwọn kan máa ń ki fóònù bọ inú kọ́ọ̀pù tàbí abọ́ kó lè dún sókè, ó máa ń dún sókè lóòótọ́, àmọ́ ohùn á dà bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú àgbá. Íyápíìsì ni kẹ́ ẹ lò, kò dìgbà tó bá wọ́n, kó ṣáà ti máa dún létí méjèèjì.

Mo tẹnu mọ́ etí méjèèjì torí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo ra íyápíìsì kan lọ́jà, kò tó oṣù kan tí wáyà ọ̀tún ẹ̀ fi já, mo ní kò burú, mo ń fi òsì nìkan gbọ́ orin, ó tó oṣù mẹ́fà. Ọjọ́ tí mo wá yá ti ọ̀rẹ́ mi lò, mo gbọ́ gìtá kejì nínú orin tí mo rò pé mo ti mọ̀ látòkè délẹ̀. Apá ọ̀tún ló wà látọjọ́ yìí, ó ń dá ti àkọ́kọ́ lóhùn, tíyẹn bá ta ìlà kan tó dákẹ́ èyí á fi tiẹ̀ sí i. Ó dùn mí wọra. Odindi oṣù mẹ́fà ni mo fi ń gbọ́ ẹnì kan tó ń béèrè ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn. Torí ẹ̀, ẹ̀yin méjì ẹ má pín íyápíìsì kan lò fún irú orin yìí, bó ti wù kẹ́ ẹ fẹ́ràn ara yín tó, ẹ jẹ́ kẹ́nì kan gbọ́ tiẹ̀ tán kó tó gbé e fún ẹnì kejì.

Lẹ́ẹ̀kíní, ẹ má ṣe nǹkan kan. Ẹ da ojú fóònù bolẹ̀, ẹ má lọ wá ọ̀rọ̀ orin kà, ẹ má ka nǹkan tẹ́nikẹ́ni kọ nípa ẹ̀, ẹ má gbé e sókè jù, ẹ fi síbi tí ohùn ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín á ṣe máa dún. Bí wọ́n ṣe gbà á sílẹ̀ nìyẹn. Kó tó di 1925, inú fèrè ńlá kan ni olórin máa ń kọrin sí kí ohùn tó lè fín ara àwo, ẹni tó bá rọra kọ ọ́ ò ní wọlé, àfi kó ké. Ìgbà tí máìkì oníná dé ni èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ lè kọrin bí ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ sí ẹ létí. Bí ẹnu bá sì ṣe ń sún mọ́ máìkì sí ni ìsàlẹ̀ ohùn á máa nípọn sí i, èémí á wọlé, ètè tó ń là á wọlé. Èémí yẹn ni kẹ́ ẹ máa wá nígbà àkọ́kọ́ yìí. Ẹ máa gbọ́ ibi tó ti mí sínú kó tó bẹ̀rẹ̀ ìlà, ẹ máa gbọ́ ìlà tó gùn jù tí èémí fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó o lópin ẹ̀, ó lè jẹ́ pé torí ẹ̀ ló ṣe jẹ́ kó gùn bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ pa shuffle nìyí. Nínú àwo Tracy Chapman yẹn, ẹ máa gbọ́ orin mẹ́ta pẹ̀lú gìtá àti ìlù, etí yín á ti jókòó sínú ẹ̀, lẹ́yìn ẹ̀ ni orin kẹrin á dé, kò sí gìtá, kò sí ìlù, kò sí nǹkan kan, ohùn ẹ̀ nìkan. Obìnrin kan tí wọ́n ń lù ní yàrá kejì ló ń sọ nípa ẹ̀, ẹni tó ń kọrin ń gbọ́ ọ látẹ̀yìn ògiri lóru, ìrànlọ́wọ́ ò sì tètè dé. Ẹni tó bá ti gbé ilé tí yàrá dojú kọ yàrá rí, tó ti dùbúlẹ̀ lóru tó ń gbọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tí kò sì mọ̀ bóyá kóun dìde kóun lọ kan ilẹ̀kùn, onítọ̀hún ò nílò kí n ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi yọ gìtá kúrò. Tí èèyàn bá ń gbọ́ nǹkan látẹ̀yìn ògiri, ó máa ń dá wà ni. Tí shuffle bá wá lọ gbé orin yẹn síwájú pátápátá, ṣé ẹ rí i, kò tíì sí gìtá tí wọ́n máa yọ kúrò.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ kejì, ẹ tẹ̀ lé ìka. Wáyà 6 ló wà lára gìtá. Àwọn tó nípọn nínú wọn, wáyà tín-ín-rín míì ni wọ́n fi wé wọn yíká, ìdí nìyẹn tí ìka bá ń yọ̀ lórí wọn láti ibì kan lọ síbòmíì tó fi máa ń dún fíìn. Àwọn kan ń pè é ní àṣìṣe, wọ́n a máa fi ẹ̀rọ yọ ọ́ kúrò. Èmi ò fẹ́ kí wọ́n yọ ọ́. Ó ń sọ fún yín pé ọwọ́ ti gbéra, ohùn míì ń bọ̀, ó sì ń sọ ọ́ kí ohùn náà tó dé, bí ìgbà tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnì kan ní kọ́rídọ̀ kó tó kan ilẹ̀kùn. Ẹ wá fetí sí àtàǹpàkò. Nínú irú títa yìí, àtàǹpàkò ló ń lu wáyà tó nípọn, kì í yẹsẹ̀, iṣẹ́ agogo ló ń ṣe, àwọn ìka yòókù ló ń sọ̀rọ̀ lókè bíi gángan. Ẹ fi àtàǹpàkò tiyín máa lu itan yín tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ orin kan dé ìparí, orin kan péré. Ẹ óò rí i pé ibì kan wà tó ti dúró tí kò lù ú, ẹ padà síbẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń sọ lẹ́nu níbẹ̀, kì í sábà jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ti ọ̀rọ̀ wá kàn, ibí yìí ni ẹni tó ń gbọ́ Yorùbá ti ní oúnjẹ púpọ̀ láti jẹ, torí èdè wa fúnra ẹ̀ ló ní orin nínú. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ohùn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Tí olórin bá gbé ọ̀rọ̀ gba òkè níbi tó yẹ kó ti lọ sísàlẹ̀, ọkọ̀ á di ọkọ́. Àwọn tó dàgbà sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ nǹkan tí mò ń sọ dáadáa, àwọn orin ìsìn tí wọ́n túmọ̀ láti inú èdè òyìnbó tí wọ́n sì fi wọ ohùn òyìnbó náà, tó jẹ́ pé tí ìwé ò bá sí lọ́wọ́ yín ẹ ò ní mọ nǹkan tí wọ́n ń wí. Nínú orin tí ìlù àti kíbọ́ọ̀dù kún, èèyàn lè sá pa mọ́ sábẹ́ ariwo tí ọ̀rọ̀ bá gba ọ̀nà tí kò yẹ. Onígìtá kan ṣoṣo ò ní ibi tó máa sá sí. Ẹ wá máa ṣọ́ bó ṣe ń yanjú ẹ̀: ẹlòmíì á jẹ́ kí ohùn orin súnmọ́ ohùn ọ̀rọ̀ gan-an, kò ní gòkè jù kò ní sọ̀ kalẹ̀ jù, á wá fún gìtá ní iṣẹ́ gígùn òkè, ẹlòmíì á fa fáwẹ̀lì olóhùn àárín gùn torí ohùn àárín ò lè ba ẹnikẹ́ni jẹ́, ẹlòmíì, tó bá débi tí kò ṣeé yanjú, kò ní kọ ọ́ mọ́, á kàn sọ ọ́ lẹ́nu bí a ṣe ń sọ̀rọ̀. Tí mo bá ń gbọ́ àwọn orin Yorùbá inú àwo Aṣa, ìyẹn ni mo máa ń ṣọ́, mo máa ń dá a dúró kí n sọ ìlà kan lẹ́nu jẹ́jẹ́, kí n wá tẹ̀ ẹ́ padà kí n gbọ́ bóun ṣe gbé e. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré, ẹ máa mọ iṣẹ́ tó wà níbẹ̀.

Gbogbo ẹni tó bá gbé gìtá kọ́ ló ní nǹkan sọ o. Ohùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ti di aṣọ tí àwọn kan ń wọ̀, wọ́n á máa mí sí máìkì, wọ́n á jẹ́ kí gìtá dún fíìn, tẹ́ ẹ bá sì ní kẹ́ ẹ wo ìdí ọ̀rọ̀, ìfẹ́ mi, ìfẹ́ mi, ọkàn mi, kò sí ẹnì kan níbẹ̀, kò sí ilé, kò sí títì, kò sí ọjọ́. Bí mo ṣe ń dán an wò ni pé mo máa ń yọ gbogbo nǹkan kúrò lórí ẹ̀ kí n wò ó bóyá á ṣì dúró. Ṣé ẹ lè sọ orin náà fún ẹlòmíì bí ìtàn, pé ẹnì kan wà, ibi báyìí ló wà, nǹkan báyìí ló fẹ́? Wọ́n dán Tracy Chapman fúnra ẹ̀ wò bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ní June 11, 1988, wọ́n ṣe eré ńlá fún ọjọ́ ìbí Mandela ẹni 70 ọdún ní Wembley nílùú London, Mandela ṣì wà lẹ́wọ̀n nígbà yẹn. Obìnrin yìí ti kọ tiẹ̀ tán lọ́sàn-án. Nígbà tó máa kan Stevie Wonder, àwárí ni wọ́n ń wá nǹkan kan lára ẹ̀rọ ẹ̀ tí kò lè kọrin láìsí i, kò lè gun orí ìtàgé, ni wọ́n bá ní kí obìnrin yẹn padà wá, òun nìkan àti gìtá ẹ̀, níwájú gbogbo pápá ìṣeré àti àwọn tó ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n káàkiri ayé. Orin náà dúró. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwo ẹ̀ wá ń tà wàràwàrà, ó dé ipò kìíní l'Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Tó bá wọ̀ yín lára, ẹ sanwó ẹ̀, ẹ rà á tàbí kẹ́ ẹ gbọ́ ọ níbi tí owó á ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ ọ́, pàápàá tó bá jẹ́ ọmọ wa kan ní Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé tiẹ̀ jáde, owó kékeré lójú yín lè jẹ́ owó wáyà gìtá lójú tiẹ̀.

Mo pe àbúrò mi wá sílé lọ́jọ́ Sọ́ńdè. A jẹ ìkọ́kọrẹ́, a sọ̀rọ̀ títí, mo dúró dìgbà tí jẹnẹrétọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé kú, mo wá fi íyápíìsì sí i létí, mo ní kó dùbúlẹ̀ sórí àga, mo pa fìtílà. Èmi jókòó sí yàrá kejì, mi ò fẹ́ kó rò pé mò ń wo ojú òun. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀ mo gbọ́ tó ń fọwọ́ tẹ wáyà íyápíìsì tẹ̀ẹ́ tẹ̀ẹ́, ó yọ ọ́, ó tún ki í bọ etí. Mo mọ̀ pé ó ti dé orin kẹrin, ó rò pé wáyà ti já ni, iṣẹ́ ẹ̀ sì ni. Lẹ́yìn ìyẹn kò fọwọ́ kàn án mọ́. Mi ò gbọ́ nǹkan kan láti yàrá yẹn mọ́ títí àwo fi tán, kò sì tètè dìde. Nígbà tó jáde, kò sọ pé ó dùn, kò sọ pé kò dùn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ ní íyápíìsì kan tí wáyà ọ̀tún ẹ̀ já lọ́jọ́sí, ṣé ẹ ò tíì jù ú nù? Ẹ mú un wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́la, mo máa bá yín so ó."